Bàálù Ọkọ Mi Inú Ike Áísìkiriìmù

Ìbàdíàrán ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Àbúrò ọkọ mi ni. Mo fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọlé wọn, nítorí náà n kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Orúkọ àpọ́nlé ni mo fún un. Ìdí rẹ̀ gan-an, pẹlẹbẹ ni.

Olóògbé ọkọ mi fi bàálù ìṣeré oníke kan sílẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹyọ-ẹyọ, kò sì kùn ún, nítorí ó fẹ́ràn àwọ̀ eérú tí wọ́n fi ṣe é. A sin ín tán, Ìbàdíàrán gbé bàálù lọ, ó sì fi ọ̀dà wúrà kùn ún kó tó dá a padà, èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kun àga ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

"Ìyàwó wa, mo ti bá ọ tún un ṣe. O ò mọ nǹkan tọ́jú."

Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe olùkọ́! Mo ní, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi."

Ọjọ́ tí ìrántí ọdún kan ikú ọkọ mi ku ọ̀la, n ò lè gbàgbé ẹ̀ títí n ó fi wọ ibojì. Mo ti pinnu pé bàálù yóò wà lórí tábìlì pálọ̀ níṣojú gbogbo ẹbí, ní àwọ̀ eérú rẹ̀, kí ojú ti ẹni tí yóò tì. Ọmọ Yorùbá kan tó ń ta ohun ìṣeré ní ọjà Vicarage Field nílùú òyìnbó níbí ló sọ fún mi pé oògùn apakòkòrò tí a ń dà sómi ìwẹ̀ máa ń bó ọ̀dà láìyọ́ ike.

"Ṣùgbọ́n Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, omi ò gbọdọ̀ kàn án o. Á di gọ́ọ̀mù."

Mo rẹ bàálù sínú ike áísìkiriìmù, mo dé e, mo gbé e sórí tábìlì ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike ọbẹ̀ tó jọ ọ́. Ta ni nínú wa tí kì í fi irú ike yẹn kó ọbẹ̀ sí fírísà? Ibẹ̀ ni mo ti dáràn. Lọ́sàn-án, Ìbàdíàrán wá ràn mí lọ́wọ́: ó tọ́ ẹran wò, ó ní iyọ̀ pọ̀, ó lọ. Mo padà wọ ilé ìdáná, ike ọbẹ̀ wà, ike bàálù ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Obìnrin yìí kì í wá kó má gbé ọbẹ̀ lọ. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kí ló fẹ́ tọrọ sí?

Mo sáré jáde, sílípáàsì ẹsẹ̀ mi ò bára wọn mu. Mo bá a ní ibùdókọ̀ Heathway, bọ́ọ̀sì ti dúró.

"Ẹ gbé ike yẹn fún mi!"

"Nítorí ọbẹ̀, Ìyàwó? Nítorí ọbẹ̀ lásán!"

Ó fà, mo fà. Ìdérí fò. Oògùn dà sí wa lára, òórùn ọsibítù gba àdúgbò kan, bàálù bọ́ sí wa lọ́wọ́.

"Yéè! Kí lo sè?"

Kí n tó lanu, ó ti ṣí ike omi tó ń mu, ó dà á lé e lórí.

Omi! Kíá, ọ̀dà wúrà di gọ́ọ̀mù, ó lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ tèmi. Awakọ̀ wò wá, ó ti ilẹ̀kùn, ó wakọ̀ lọ. Àgbàlagbà méjì wá di bàálù kan mú ní ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, à ń rìn padà sílé bíi tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Oògùn tí a kò bu omi là ló gbà wá sílẹ̀. A fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín họ ọ́, èmi lọ́tùn-ún, òun lósì, títí àwọ̀ eérú fi yọ. Ìyẹ́ kankan ò ṣẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ dójú ti àna rẹ̀, kó kọ́kọ́ sàmì sára ike rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Ẹ jẹ́ ká ní oògùn ló fà á. Ìbàdíàrán ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó gbé bàálù sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀, ó ní:

"Ìyàwó wa, ká sòótọ́, wúrà yẹn yẹ ẹ́ ju èyí lọ."