Àpá Eyín Létí Ahọ́n Hosan

Ní Guangzhou níbí, ahọ́n ènìyàn la fi ń mọ ọbẹ̀ tí a ó sè fún un. Màdáámù Kwong fẹ́ fi ahọ́n mọ ẹni tí yóò fẹ́ Waiyin, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Waiyin sọ̀kalẹ̀ lọ ra àlùbọ́sà eléwé. Kò tíì dé ìsàlẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi fa àga sẹ́bàá fèrèsé fún Hosan, àfẹ́sọ́nà ọmọ náà.

“Yọ ahọ́n.”

“Ìyá, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni mo bá wá o.”

“Òun náà la wà lórí rẹ̀. Yọ ọ́.”

Hosan yọ ọ́. Màdáámù Kwong gbé awò sójú.

“O ti fi búrọ́ọ̀ṣì ha á!”

“Kó lè mọ́ lójú yín ni, Ìyá.”

“Bí wọ́n bá pè ọ́ sílé ẹjọ́, ṣé ẹ̀rí ni wàá kọ́kọ́ fọ̀? Kò burú. O ha àárín, o gbàgbé etí. Kí ni gbogbo àpá eyín yìí, ṣákaṣàka bí etí ayùn?”

“Oníṣègùn eyín ní...”

“Eyín ni tirẹ̀. Ta ló yá a ní ahọ́n? Ọlọ inú rẹ tó yẹ kó máa lọ oúnjẹ ti rẹ̀, ọ̀rinrin ti gba ikùn rẹ, ahọ́n wú títí ó fi ń gbé orí eyín sùn. Omi yìnyín lò ń mu!”

“Omi gbígbóná ni mò ń mu, Ìyá.”

“Ọ̀lẹ ni ọ́ nígbà náà.”

“Ṣebí èmi ni mo gbé àpò ìrẹsì yín gun àjà keje láàárọ̀ yìí?”

“Ẹni tí inú rẹ̀ kò gbé oúnjẹ, kò lè gbé ìyàwó. Bí Waiyin bá dé, kí ẹ dágbére fún ara yín. N kò ní fi ọmọ mi fún aláìsàn.”



“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́! Kò sí àpá kankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀.”

“Kí lo jẹ?”

“Ọbẹ̀ yín. Ọjọ́ tí Waiyin kọ́kọ́ mú mi wá síbí.”

“Ọbẹ̀ tèmi ló pa ọ́ lára?”

“Rárá o! Ọbẹ̀ dùn. Àmọ́ ẹ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi. Ẹ sọ̀rọ̀ nípa irun mi. Ẹ tún sọ̀rọ̀ kan ìyá mi. Bí èsì bá ti fẹ́ jáde báyìí, màá di eyín pọ̀, màá fi ahọ́n tì í látinú. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, Ìyá. Oníṣègùn eyín ní ibẹ̀ ni àpá náà ti wá.”

Màdáámù Kwong nu awò rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú.

“Yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀tún, àpá mẹ́fà. Òsì, méje. Ó mà jìn o! Bàbá Waiyin tó ti lọ, ahọ́n tirẹ̀ dán bí abọ́ tánganran. Kò sí ọ̀rọ̀ mi kan tí kò fèsì sí.” Ó mí kanlẹ̀. “O lè fẹ́ ẹ.”

Hosan la ẹnu, ó fẹ́ dúpẹ́.

“Pa á dé! Ṣé o fẹ́ kí àpá yẹn parẹ́ kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé ni?”