Ọ̀gá Onírẹ̀lẹ̀ Fẹ́ Wẹ Ẹsẹ̀

Bó bá jẹ́ pé ìrẹ̀lẹ̀ ṣe é kó sínú ọkọ̀ ni, Alàgbà oníbúlọ́ọ̀kù ì bá ti kó o kún ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta, ì bá sì ní kí wọ́n máa fọn fèrè níwájú wọn. Kò sẹ́ni tó rẹra rẹ̀ sílẹ̀ tó o. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé Ọ̀gá Onírẹ̀lẹ̀ ni kí wọ́n máa pe òun, ẹni tó bá sì gbàgbé láàárọ̀, ojú rẹ̀ á rí nǹkan kó tó dọ̀sán.

Ọ̀gá Onírẹ̀lẹ̀! A-kúnlẹ̀-wẹ̀yìn, kó lè mọ iye ojú tó ń wo òun. A-ṣoore-ní-kọ̀rọ̀, tí gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ kílẹ̀ tó ṣú. Bó bá ń gbàdúrà, ojú kan ló máa ń dì.

Ipò Bàbá Ìjọ ló ń wá báyìí. Àga náà ti ṣófo látìgbà tí bàbá tó wà níbẹ̀ ti lọ sinmi. Pásítọ̀ sì ti sọ ọ́ lórí pẹpẹ pé àwọn ò ní í torí owó yan ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tẹrí ba níbi Ìsìn Ìwẹsẹ̀ làwọn máa wò. Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí Alàgbà sùn mọ́.

Nínú ìjọ yìí, wọn kì í wẹ ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́. Ẹni tí o bá ṣẹ̀ ni wàá mú wá síwájú. Á jókòó, á sọ ohun tí o fi ṣe é létí gbogbo èèyàn, ìwọ náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, kó o tó kúnlẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà tí àwọn àgbà ò rí parí ni omi inú bàsíà yẹn ti parí.

Ẹni tí Alàgbà ṣẹ̀ kò sì jìnnà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, alágbàfọ̀ tó máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn pátápátá. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọn ò ti kí ara wọn. Ìjọ rí i, àmọ́ wọn ò mọ ohun tó fà á.

“Dádì,” ìyàwó rẹ̀ bi í, “ṣé kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n ló yẹ kẹ́ ẹ mú jáde?”

“Ẹ̀gbọ́n wo? Ẹlẹ́sẹ̀ sísán yẹn? Ṣé o ò mọ̀ pé onífọ́tò ń bọ̀ ni?”

“Ẹ̀bẹ̀ lèmi ń wí o, mi ò wí ti fọ́tò.”

“Fọ́tò lèmi ń wí.”

Onífọ́tò ń bọ̀ lóòótọ́. Alàgbà ti ní kí wọ́n ṣe férémù sílẹ̀, ó sì ti kan ìṣó ńlá kan mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tẹ́ni tó bá ń wọlé ò ti ní í lè ṣe bíi pé òun ò rí i. Ẹsẹ̀ tó máa bá férémù mu ló kù.

Ó ránṣẹ́ pe télọ̀ òdìkejì títì wá sí ọ́fíìsì rẹ̀.

“Bọ́ bàtà rẹ.”

Télọ̀ bọ́ ọ. Alàgbà tẹ̀ ba, ó wo ẹsẹ̀ náà síwá sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ ra àgùntàn.

“Èyí dáa. Gé èékánná ẹ̀, kó o fi ìpara pa á. Láti òní lọ, ìjà ti wà láàárín wa.”

“Ìjà kẹ̀? Kí lẹ fi ṣe mí, sà?”

“Mo jágbe mọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré o! Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, ẹ̀ṣẹ̀ tó yẹ àgbà. Tó o bá sọ ọ́ dáadáa, tó o sì sunkún díẹ̀ sí i, ìwọ lo máa rán aṣọ tuntun fáwọn akọrin.”

“Ti ẹkún kì í ṣe wàhálà, sà,” ni télọ̀ wí. Kò sì parọ́.

Lọ́jọ́ ìsìn, ṣọ́ọ̀ṣì kún dẹ́nu ọ̀nà. Alàgbà wọ funfun láti òkè délẹ̀, ó so aṣọ ìnura ìjọ mọ́ ìbàdí, ó sì da lọ́fínńdà sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Ó ti kìlọ̀ fún onífọ́tò pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró.

Télọ̀ jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. “Alàgbà jágbe mọ́ mi.”

Àwọn ìyá ìjọ mí kanlẹ̀. Ó wọ télọ̀ lára. Láyé rẹ̀, ẹnì kankan ò tíì fetí sí i báyìí rí. Àwọn tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ìgbà tí aṣọ máa jáde nìkan ni wọ́n máa ń bi í.

“Wọ́n jágbe mọ́ mi, wọ́n sì gbá mi létí!”

“Hẹ̀ẹ́n!” ni ìjọ wí.

“Wọ́n fa kóòtù ya mọ́ mi lọ́rùn! Wọ́n tì mí sí gọ́tà! Wọ́n ní bàbá tó bí mi lọ́mọ…”

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ọ̀gá Onírẹ̀lẹ̀ gbàgbé ibi tó wà.

“Irọ́ lò ń pa! Ohun tá a jọ sọ ní ọ́fíìsì kọ́ nìyẹn! Jíjágbe nìkan la fẹnu kò sí!”

Pásítọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ẹ fẹnu kò sí kí ni, Alàgbà?”

Télọ̀ ló bá a dáhùn, omijé ṣì ń ṣàn lójú rẹ̀. “Aṣọ àwọn akọrin ni, sà.”

Àwọn akọrin gan-an ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò tíì rọlẹ̀ tí alágbàfọ̀ fi dìde níbẹ̀ lọ́hùn-ún. Sálúbàtà rẹ̀ ń dún bó ṣe ń bọ̀ níwájú. Télọ̀ yára dìde fún un, obìnrin náà sì jókòó.

“Èmi náà ní tèmi,” ló wí. “Ìyá kan náà ló bí wa. Aṣọ ni mo fọ̀ fọ́mọ aráyé tí mo fi rán an níwèé. Lọ́jọ́ tó ń ṣílé, àwọn àlejò bi í pé ta ni mí. Ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ àwọn tẹ́lẹ̀ rí ni mí. Ó tún ní kí n lọ bu omi wá fún wọn.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Bí Alàgbà bá kúnlẹ̀ nígbà yẹn, gbogbo ẹ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ìjọ yìí máa ń dárí jini. Àga náà gan-an lè máà tíì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti sán, ọṣẹ ti jẹ ẹ́. Ó wo onífọ́tò. Ìyẹn ń yà á lọ ràì.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí, ó ń fi ipá rẹ́rìn-ín músẹ́, “ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé.”

“Ojú èèyàn lo ti sọ ọ́. Ojú èèyàn náà ni kó o ti ní bẹ́ẹ̀ ni.”

“Àmọ́… omi yìí ti tutù.”

“Omi tútù ni mo fi ń wẹ̀ ọ́ nígbà tí o ò tíì lè dá jókòó. Kò pa ọ́.”

Ọ̀gá Onírẹ̀lẹ̀ gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde. Ó kọ lu bàsíà bó ṣe ń lọ, omi olóòórùn dídùn ya bo ṣòkòtò funfun, ó sì bọ́ sójú títì pẹ̀lú aṣọ ìnura nídìí. Ìyàwó rẹ̀ gbé bàsíà nílẹ̀, ó lọ pọn omi mìíràn lẹ́nu ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀, ó sì wẹ ẹsẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò ìyẹn. Onífọ́tò ti ń sáré tẹ̀ lé Alàgbà lọ, torí wọ́n ní kó má dáwọ́ dúró.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyàwó yẹn nìkan ló wá. Ó ti fọ aṣọ ìnura ìjọ, ó dá a padà, àmọ́ kò tíì gbẹ tán. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gbà á, ó ń wá ibi tó máa fi kọ́. Ó rí ìṣó ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà tí kò gbé nǹkan kan dání, ó sì fi kọ́ ọ. Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Ẹni tó bá ti fẹ́ wẹ ẹsẹ̀ ẹnì kejì rẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń nawọ́ sí.