Bí Àwọn Àna Mi Ṣe Wọ Inú Ìwé Ìṣirò

Ọjọ́ kan wà tí mo ti gbìyànjú títí láti lé kúrò lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n ó ti tẹ́ ẹní síbẹ̀, kò sì gbèrò àtilọ. Ọjọ́ Àìkú ni, ní pálọ̀ bàbá ọkọ mi ní Jakande, Ìsọlọ̀, lẹ́yìn tí gbogbo wa ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìwé ìṣirò ló dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. N kò tíì pàdé ẹlòmíràn tí ìwé ìṣirò dójú tì níwájú ẹbí ọkọ rẹ̀. Bí ẹni náà bá wà, kí ó wá, kí a jọ tu ara wa nínú.

Kí n tó sọ ohun tí ojú mi rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbà gbọ́, nítorí n kò tíì yí i padà. Ìdọ́gba kì í ṣe ohun tí a ń dà sílẹ̀ bí iyanrìn. Bí a bá ń ṣe ìṣirò láti ìlà dé ìlà, àmì dọ́gba tó wà lórí ìlà kejì gbọ́dọ̀ dúró gan-an lábẹ́ ti àkọ́kọ́, kí ti ẹ̀kẹta dúró lábẹ́ ti ẹ̀kejì, bí àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe ń tò ní òwúrọ̀. Nọ́ńbà ìdọ́gba kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú àkámọ́ ní etí ọ̀tún, kí òǹkàwé lè mọ èyí tí a ń tọ́ka sí. Ọmọ tí a bá fún ní ìwé tí àmì dọ́gba inú rẹ̀ ń rìn gbéregbère, a ti kọ́ ọ pé òtítọ́ kò ní ibùjókòó. Mo ti kọ èyí ránṣẹ́ sí àwọn olóòtú ìwé ìròyìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọn kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo gbà nígbà náà pé ẹ̀rù òtítọ́ ló ń bà wọ́n. Ọkọ mi ní gígùn rẹ̀ ló ń bà wọ́n lẹ́rù.

Olùkọ́ ìṣirò ni bàbá ọkọ mi kí ó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì pọ́ńbélé, tí ó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní yàrá kan tí ó háyà ní Àgọ́ Palace. Gbogbo ohun tí ó mọ̀ ni ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́, tí ó ń retí ẹni tí yóò bá a sọ ọ́ di ìwé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń yìn ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó wá gbé gbogbo ìdì bébà náà lé mi lọ́wọ́. "Ìyá Mofẹ́," ni ó wí, "ìwọ ni mo fọkàn tán. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n ba uṣẹ́ mi jẹ́." Iṣẹ́ kì í jẹ́ iṣẹ́ lẹ́nu Bàbá, uṣẹ́ ni títí ayé.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn, kò tíì sí ẹni tó sọ pé òun fọkàn tán mi láìfi "ṣùgbọ́n" tì í lẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí bàbá yẹn ṣí ìwé rẹ̀, kí inú rẹ̀ dùn, kí ó sì mọ̀ pé òun kò ṣi ẹni yàn.

Mo kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ Ràṣídì, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Bọ́ládé, Òṣòdì, tó ń tẹ ìwé, tó sì ń dì í. Nígbà tí mo padà lọ wo ohun tí ó tẹ̀, àwọn àmì dọ́gba ti fọ́n káàkiri ojú-ewé bí èrò tí wọ́n lé kúrò ní abẹ́ afárá. Mo bi í pé kí ló dé. Ó wò mí pẹ̀lú sùúrù. "Àǹtí, ṣebí dọ́gba náà kúkú ni. Ibi yòówù kó dúró sí, dọ́gba ni."

N kò lè ka gbogbo ohun tí mo sọ fún un tán níhìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwà ọmọlúàbí, mo gba orí ìwólulẹ̀ ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí kọjá, mo sì parí rẹ̀ sórí ọjọ́ ìdájọ́. Àwọn tó ń kọjá lọ dúró láti gbọ́. Ẹnì kan tó ń kiri ṣáájà fóònù gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ní ìparí, mo pàṣẹ fún un pé èmi fúnra mi ni n óò to ìwé náà, tirẹ̀ kò ju kí ó tẹ̀ ẹ́ kí ó sì dì í lọ. "Ohunkóhun tí o bá rí níbẹ̀, bó ṣe wà ni kí o ṣe tẹ̀ ẹ́. Má yọ nǹkan kan, má fi nǹkan kan kún un. Bó bá rú ọ lójú, gbà pé mo mọ ìdí rẹ̀." Ó ní òun ti gbọ́, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìdáhùn yìí sọ́kàn.

Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń to ìwé wọn. Kì í ṣe ojú ni a fi ń tò ó. Àṣẹ ni a ń pa fún un. A ó fi àmì kékeré kan síwájú àmì dọ́gba lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà yóò sì fa gbogbo wọn wá sábẹ́ ara wọn gbọnrangandan. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo pe ọkọ mi wá wò ó. Ó wò ó títí, ó sì bi mí bóyá a ó jẹun.

Ìgbéraga mi kò pẹ́ tó fi rí ìyà he. Ìdọ́gba kan wà nínú ìwé Bàbá tó gùn débi pé ó la ojú-ewé já, ó tari nọ́ńbà ara rẹ̀ dànù, ó sì jáde sí ìta ìwé. Mo bá a jà títí kí n tó gbà láti gé e sí ìlà méjì. Lẹ́yìn náà ni ti nọ́ńbà. Ọwọ́ ni mo fi kọ nọ́ńbà gbogbo ìdọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin; mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí rẹ̀ ni Bàbá pè mí pé òun ti rántí ìdọ́gba kan tó yẹ kó wà ní orí kìn-ín-ní. Bí mo ṣe fi í síbẹ̀, gbogbo nọ́ńbà yẹ̀. Ọmọ tí ìwé bá ní kó lọ wo bí a ṣe ń wọn òbìrípo, inú èlé owó báǹkì ni yóò ti bá ara rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọgbọ́n tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ lò. A kì í fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà. Orúkọ ìkọ̀kọ̀ ni a ń fún ìdọ́gba kọ̀ọ̀kan. Níbi tí a bá ti fẹ́ tọ́ka sí i, a ó pe orúkọ yẹn, kọ̀ǹpútà yóò sì ka nọ́ńbà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Orúkọ náà kì í hàn sí òǹkàwé. Òǹkọ̀wé nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Orúkọ ìkọ̀kọ̀ kò sì ṣòro fún ìyàwó ilé. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tí wọ́n bí nínú ilé ọkọ rẹ̀ kí òun tó wọlé. Ó ní láti fún wọn ní orúkọ mìíràn. Ìyá Dámilọ́lá, àkọ́bí Bàbá, ni mo ń pè ní Eyínfúnjowó. Àbúrò ọkọ mi ni Gbajúmọ̀. Ọkọ mi ni Olówó-orí mi. Àwọn yìí ni orúkọ ti ẹnu. Ti ọkàn wà lọ́tọ̀, orí fóònù mi nìkan ni mo sì ń kọ wọ́n sí.

Nínú ọkàn mi, Abẹ̀wò-má-lọ ni Gbajúmọ̀, nítorí ó bẹ̀ wá wò ní Àjíǹde kan, Kérésìmesì sì bá a lórí àga wa, kò sì tíì lọ. Òun ni mo fi orúkọ rẹ̀ sọ ìdá kan nínú mẹ́ta, tí ẹ bá ń pín in títí, àṣẹ́kù rẹ̀ kò ní tán. Adájọ́-àìpè ni Ìyá Dámilọ́lá. Mo fi sọ àgbékalẹ̀ ńlá tí a fi ń wá iye x, tó máa ń yọjú sí gbogbo ọ̀ràn yálà a ké sí i tàbí a kò ké sí i. Ọkọ mi ni Mò-ń-bọ̀-lọ́nà. Mo fi sọ èyí tó ń súnmọ́ òdo, tó ń súnmọ́ ọn, tí kò sì ní dé ibẹ̀ láéláé. Iṣẹ́ náà wá di ìgbádùn. Mo ń to ìwé, mo ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí a lọ tẹ̀ ẹ́, àmì ìbéèrè méjì-méjì yọ níbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà. Kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ ẹni tí mo ń pè. Àṣẹ kan wà tó ń mú kí gbogbo orúkọ ìkọ̀kọ̀ hàn létí ìwé, kí òǹkọ̀wé lè yẹ̀ wọ́n wò. Mo pa á, mo sì rí ẹ̀ṣẹ̀ mi: mo ti sọ ìdọ́gba ní Abẹ̀wò-má-lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń tọ́ka sí i, ọ̀wọ̀ mú mi, mo pè é ní Gbajúmọ̀. Mo tún un ṣe. Àwọn àmì ìbéèrè pòórá, nọ́ńbà jókòó sí àyè wọn, mo jó yí ilé ìdáná ká. Mo gbé e sínú fláàṣì, ó di Bọ́ládé. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ká àṣẹ yẹn kúrò. Ayọ̀ kò jẹ́ kí n rántí.

Nígbà tí mo lọ gbé àwọn ìwé náà, Ràṣídì kò wo ojú mi dáadáa. Ó ní, "Bó ṣe wà ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ o, Àǹtí. Títí kan ti ẹ̀gbẹ́." Mo rò pé nọ́ńbà ni ó ń pè ní ti ẹ̀gbẹ́. Mo yìn ín pé ó ti ń di ènìyàn. N kò já ọ̀rá tí ó fi wé wọn, nítorí mo fẹ́ kí ojú Bàbá ló kọ́kọ́ rí i.

A jẹ iyán tán ní ọjọ́ Àìkú náà, Bàbá já ọ̀rá. Ó fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn ìwé, ó ṣí i, ó fi ìka tọ àwọn àmì dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Wọ́n tò," ni ó wí. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ó pín ìwé fún gbogbo wa, ó sì ní kí Ìyá Dámilọ́lá ka ojú-ewé kan sókè. Ó ń kà á lọ dáadáa títí tó fi dé àgbékalẹ̀ ńlá. Ó fi ìka sí etí ojú-ewé.

"Bàbá, kí ni Adájọ́-àìpè ń ṣe létí ibí yìí?"

Mo ṣí tèmi. Gbogbo wọn wà níbẹ̀, nínú àpótí kéékèèké, lábẹ́ ara wọn gbọnrangandan. N kò rí iṣẹ́ títò tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá ní bóyá orúkọ ẹni tó ṣàwárí rẹ̀ ni. "Abẹ̀wò-má-lọ náà ṣàwárí tirẹ̀?" ni Gbajúmọ̀ bèèrè, ẹran ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ará ibo nìyẹn?" Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé ará Gíríìkì ni.

Ọkọ mi ti rí ti ara rẹ̀. Ó fi ìwé bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì lè pa á mọ́ra mọ́. "Mo mọ Mò-ń-bọ̀-lọ́nà. Èmi ni. Bí mo bá pe Ìyá Mofẹ́, ohun tó ń jáde lórí fóònù rẹ̀ nìyẹn."

Gbajúmọ̀ gbé ẹran rẹ̀ mì. Ó yọ fóònù lápò, ó tẹ̀ ẹ́. Tèmi dún lórí tábìlì níwájú Ìyá Dámilọ́lá, ẹni tó wo ojú rẹ̀ tó sì kà á fún gbogbo ilé: "Abẹ̀wò-má-lọ." Òun náà fi fóònù tirẹ̀ pè mí, Adájọ́-àìpè ló jáde. Fóònù kò purọ́. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Ṣé èmi ni adájọ́ tí wọn ò pè, Ìyá Mofẹ́? Ó dáa. Kí gbogbo yín jókòó, ká gbọ́ ẹjọ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ta ló pè ọ́?" ni Bàbá bi í.

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Ìyá Dámilọ́lá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́. Èmi ti wà lórí eékún. Ojú Bàbá nìkan ni mo ń wò, nítorí òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣí ìwé ní ojú-ewé kan sí èkejì, jẹ́ẹ́jẹ́, títí tó fi dé òpin, ó sì tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín kú díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ayé rẹ̀ ni mo ti sọ di ẹ̀fẹ̀.

"Mo ti wò ó tán," ni ó wí. "N kò rí orúkọ mi."

"Ẹ̀yin lẹ ni ìwé, sà. N kò lè dán an wò."

"Nínú fóònù ńkọ́?"

"Bàbá ni mo kọ, sà."

"Bàbá nìkan." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n pín ẹran tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé èmi ńkọ́, ibo ni tèmi wà. Mo ní kò sí. Ó mi orí. "Ìyẹn ò tọ́. Ohun tí a bá ṣe sí ọ̀tún ìdọ́gba, a gbọ́dọ̀ ṣe é sí òsì."

Ó gba bírò lọ́wọ́ ọkọ mi. Ó wá ìdọ́gba gígùn yẹn, èyí tí ojú-ewé kò gbà, tí mo gé sí ìlà méjì, ó sì fi ọwọ́ olùkọ́ kọ ọ́ sí etí rẹ̀, lábẹ́ àwọn yòókù gan-an: Ọ̀rọ̀-ò-tán-lẹ́nu. Ìgbà náà ni Bàbá rẹ́rìn-ín, débi pé a bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó mu omi.

Mo bẹ̀ ẹ́ kí n gba àwọn ìwé náà padà, kí a tún wọn tẹ̀. Ó kọ̀. Ó fi ọwọ́ kọ orúkọ mi sínú gbogbo wọn, ó kó wọn lọ sí Àgọ́ Palace. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí ọmọbìnrin kan ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé, "Má wulẹ̀ pín in mọ́, Abẹ̀wò-má-lọ ni." Èkejì dá bírò dúró. Ẹ̀kọ́ ti wọlé.

Mo lọ bá Ràṣídì jà. Ó fi sùúrù gbọ́ mi tán. "Àǹtí, ẹ ní bó bá rú mi lójú, kí n gbà pé ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ó rú mi lójú gan-an, mà. Mo sì gbà." Gbajúmọ̀ ní tirẹ̀ búra pé òun ń kó kúrò nílé wa lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ Àìkú kejì, òun ló ṣí ilẹ̀kùn fún wa nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Mo ṣì ń sọ pé kí àmì dọ́gba dúró sí ipò rẹ̀, n kò sì ní yéé sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ pé ẹni tó tẹjú mọ́ àárín ìwé jù, etí ìwé ni yóò tú u fó, àti pé orúkọ tí a bá sọ ènìyàn nínú ọkàn, kí ó jẹ́ irú èyí tí ẹni náà lè kà, kó sì bá wa rẹ́rìn-ín. Ní àná, ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo pe ọkọ mi láti mọ ibi tó dé. "Ọ̀rọ̀-ò-tán-lẹ́nu," ni ó wí, "mò ń bọ̀ lọ́nà."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fi ọmọrí dé oúnjẹ rẹ̀.