Àpáta Olúṣẹ̀yẹ ní Ìbàfò

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀ o. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé orí rẹ̀ la ń rìn, inú rẹ̀ la sì ń lọ nígbẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó kọjá lọ́dọ̀ mi, kó lọ bá Olúṣẹ̀yẹ. Kò sí ohun tí Olúṣẹ̀yẹ ò mọ̀. Ẹ bi í léèrè oògùn ibà, á ka oríṣi méje fún yín. Ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń wa bàálù, á ní àwọn tó ń wà á lóde òní ò mọ̀ ọ́n wà mọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni pé ó ń ta ẹ̀rọ amúlétutù ní Ìkẹjà, òun nìkan sì ni ohun tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ kó sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìmọ̀ ilẹ̀ tirẹ̀, Ìfọ̀ ló ti kó o. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, Olúsànyà, ń kọ́lé níbẹ̀ lọ́dún kan, Olúṣẹ̀yẹ lọ kí i, ó sì lo ọjọ́ mẹ́ta. Ilẹ̀ ibẹ̀ le bí ẹ̀yìn ahun. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé orúnkún, ó di òkúta, dígà méjì ṣẹ́ sí i. Bíríkìlà ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu mọ́. Wọ́n to búlọ́ọ̀kù mẹ́ta léra, wọ́n da kọnkéré lé e, ilé sì dúró. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́jọ báyìí, ògiri Olúsànyà ò tíì la tó ibi tí èèrà máa gbà wọlé. Olúṣẹ̀yẹ jókòó sórí àga, ó ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó ń wo gbogbo rẹ̀. Àwọn tó lọ yunifásítì kọ́ nípa ilẹ̀ ń lo ọdún márùn-ún. Ọjọ́ mẹ́ta ni tirẹ̀, ó sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sùn.

Ayọ̀níkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ló fẹ́ ilé. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò nínú yàrá méjì ní Agége, òun àti obìnrin mẹ́rin ló ń jà sí ilé ìdáná kan, orí kéègì omi sì ni Delight ọmọ wọn ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ní gbogbo ìgbà tó bá lọ sí Káḿpù ìjọ wọn lójú márosẹ̀ lọ gbàdúrà oṣooṣù, ohun kan náà ló ń bẹ Ọlọ́run fún: ilé tí kò ní lánlọ́ọ̀dù.

Ní oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ti fa gbogbo omi ayé mu, éjẹ́ńtì kan mú wọn lọ wo ilẹ̀ lẹ́yìn Ìbàfò. Ilẹ̀ náà gbẹ, ó sán, ó funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò rí ìpara fi pa. Koríko gíga kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ènìyàn lọ, afẹ́fẹ́ ń fì í. Ayọ̀níkẹ́ bèèrè irú koríko tó jẹ́. Ọkọ rẹ̀ ní òdòdó ni, pé àwọn olówó máa ń gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé wọn.

Ní òdìkejì ọ̀nà, Alhaja Sùwéébátù gbọ́ ọ. Wọ́n bí obìnrin yìí sí Ìbàfò kí márosẹ̀ tó dé, ẹní ló sì ń hun lábẹ́ igi dóńgóyárò iwájú ilé rẹ̀. Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Ọmọ mi, ooré nìyẹn. Òun ni mo ń hun yìí. Ibi tí ooré bá ti hù, omi ló ni ibẹ̀. Ẹja là ń pa nígbà òjò níbi tí o dúró sí un."

Olúṣẹ̀yẹ dọ̀bálẹ̀ fún un dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Wọ́n kọ́ ọ nílé. Ṣùgbọ́n bó ṣe dìde báyìí, ó fi ohùn kékeré tí gbogbo àdúgbò gbọ́ sọ fún Ayọ̀níkẹ́ pé bí àwọn onílẹ̀ ṣe máa ń dẹ́rù ba àlejò nìyẹn, kí wọ́n lè gbé ilẹ̀ tó dára fún ìbátan wọn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà nìyẹn. Ní Ìbàfò, àgbà lè jókòó lórí ẹní kí ìpìlẹ̀ ilé tuntun wọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n ra ilẹ̀ náà, Uthman sì ni bíríkìlà tí wọ́n gbà. Ọmọ àdúgbò ni, ilé tó ti kọ́ sórí irà Ìbàfò lé ní ogún. Ó ṣàlàyé pé irú ilẹ̀ yìí, ó yẹ kí wọ́n wá ẹni tó máa yẹ inú rẹ̀ wò. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n tẹ́ kọnkéré onírin sí gbogbo abẹ́ ilé láti igun dé igun bí ẹni tẹ́ ẹní, kí ilé náà lè dúró pọ̀ lórí ẹrẹ̀, bó bá máa rì, kó rì lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo aládùúgbò ló ṣe é bẹ́ẹ̀.

Olúṣẹ̀yẹ rẹ́rìn-ín àánú. Ó gba ọ̀pá irin gígùn kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó rìn lọ sí àárín ibi tí pálọ̀ máa wà, ó sì fi gún ilẹ̀. Ọ̀pá wọlé ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ méjì, ó ní gọ̀ọ́n, ó sì kọ̀ láti lọ mọ́. Ó sún díẹ̀, ó tún gún un. Gọ̀ọ́n.

"Kí lo gbọ́?"

"Mo gbọ́ gọ̀ọ́n, sà," ni Uthman dáhùn.

"Àpáta ni. Èyí tí mo rí ní Ìfọ̀ náà ni. O rò pé Ìfọ̀ ló máa dúró sí? Abẹ́ ilẹ̀ ló gbà wá síbí."

Uthman ò bá a jiyàn. Ó gba ọ̀pá rẹ̀ padà, ó rìn lọ sí ẹ̀yìn níbi tí àwọn yàrá máa wà, ó sì fi ọ̀pá náà lélẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀pá wọlé. Ó ń wọlé, ó ń wọlé, títí tó fi ku ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ dì mú. Nígbà tó fà á yọ, ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ ló bo gbogbo ara rẹ̀.

"Ọ̀gá, apá ibí yìí ńkọ́?"

"Ọwọ́ ẹ ló wọ́. Ẹ̀gbẹ́ àpáta lo gún."

Uthman kì í ṣe ọmọdé. Ó yọ fóònù jáde, ó ní kí ọ̀gá jọ̀ọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ sí i, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ọ̀gá ló ní kí wọ́n gbé ìpìlẹ̀ Ìfọ̀ wá sí Ìbàfò. Olúṣẹ̀yẹ gbà tọkàntọkàn. Ó tiẹ̀ kọ́kọ́ ya irun rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kẹrin, ilé ti dúró, ó ti gba ọ̀dà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó kúrò ní Agége, Olúṣẹ̀yẹ kó gbogbo ayálégbé jọ, ó sì sọ fún lánlọ́ọ̀dù níwájú wọn pé ilé ewúrẹ́ ló ń gba owó lórí rẹ̀, pé òun ń lọ síbi tí àwọn ènìyàn ń gbé. Kí ọkọ̀ akẹ́rù tó yà ní ìkángun òpópónà, ayálégbé tuntun ti ń gbálẹ̀ yàrá wọn.

Wọ́n ṣí ilé. Pásítọ̀ wá gbàdúrà, ṣùgbọ́n onílé ò jẹ́ kó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ̀rí tí Olúṣẹ̀yẹ jẹ́ nípa àpáta gùn débi pé ìrẹsì tutù. Ó wá yíjú sí àwọn aládùúgbò tó tẹ́ irin sábẹ́ ilé tiwọn, ó kí wọn kú ìnáwó, ó sì bá wọn kẹ́dùn lórí gbogbo irin tí wọ́n sin láìṣe òkú. Àwọn aládùúgbò wo ara wọn, wọ́n ń jẹ ìrẹsì tútù lọ.

Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Olúṣẹ̀yẹ ò da ẹ̀kán kan síwájú, síbẹ̀ nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, ilẹ̀ tó ń tẹ̀ tutù dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ògiri àárín pálọ̀ àti yàrá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó la tín-ín-rín. Olúṣẹ̀yẹ ní ilé ń mí ni, pé gbogbo ilé tuntun ló ń mí, ó sì fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì bò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ibi tó là yọ lábẹ́ kàlẹ́ńdà. Ó gbé fọ́tò ìgbéyàwó kọ́ síbẹ̀. Ó yọ lábẹ́ fọ́tò. Kí oṣù náà tó parí, ògiri yẹn ti kún bí ṣọ́ọ̀bù ayàfọ́tò, fọ́tò bàbá rẹ̀ tó ti kú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀.

Ayọ̀níkẹ́ gbé ọbẹ̀ kaná, omi ọbẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹran jóná ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bọ́ọ̀lù Delight, tí wọ́n bá gbé e sílẹ̀ ní pálọ̀, á dìde fúnra rẹ̀, á yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní yàrá. Nígbà tí Ayọ̀níkẹ́ bèèrè ohun tó ń ṣe ilé, ọkọ rẹ̀ ní òun lòun ní kí wọ́n dẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, kí omi ìnulẹ̀ lè máa rí ọ̀nà bá jáde. Obìnrin náà kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní pálọ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni Olúsànyà wá láti Ìfọ̀ wá wo ilé àna rẹ̀. Ó jẹun, ó lọ sí ilé ìwẹ̀ lẹ́yìn, kò sì jáde mọ́. Fírémù ilẹ̀kùn ti sọ̀kalẹ̀ lé ilẹ̀kùn lórí. Olúsànyà tì í títí, kò mì. Olúṣẹ̀yẹ dúró síta, ó ń gba ojú kọ́kọ́rọ́ ṣàlàyé fún un pé igi ilẹ̀kùn ló wú, pé igi ayé ìsinsìnyí ò dáa. Nígbà tí àlàyé ò tán, Olúsànyà wá ọ̀nà ara rẹ̀. Ó ki apá bọ ibi tí ògiri ilé ìwẹ̀ náà ti là sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ń juwọ́ sí àwọn tó ń kọjá lọ pé kí wọ́n gba òun. Alhaja Sùwéébátù rí ọwọ́ tó ń jáde lára ògiri, ó rán sí Uthman.

Uthman yọ ilẹ̀kùn, àlejò jáde, èrò sì ti pé sí àgbàlá. Olúsànyà nu òógùn ojú rẹ̀.

"Ṣẹ̀yẹ, òkúta tí mo kọ́lé lé ní Ìfọ̀, mo fojú mi rí i. Tìrẹ yìí, ṣé o rí i?"

"Mo gbọ́ ohùn rẹ̀."

Olúsànyà ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Uthman mú dígà, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀. Kò pẹ́ tí dígà fi ní gọ̀ọ́n. Olúṣẹ̀yẹ gbé àyà sókè, ó wo èrò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó jàre ní kóòtù. Uthman fọwọ́ gbá ẹrẹ̀ kúrò, ó da omi lé e.

Táìsì tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé ni. Táìsì aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó ní òdòdó pupa láàárín.

Olúṣẹ̀yẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó sùn-ún.

"Àwọn àpáta kan máa ń ní àwọ̀," ló wí.

Alhaja Sùwéébátù fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ la èrò kọjá, ó wo inú ihò. "Pálọ̀ Muqtadir rèé o. Mo jẹ ìrẹsì lórí táìsì yìí lọ́jọ́ tó ṣílé."

Ó wá sọ ọ́ fún wọn. Muqtadir, awakọ̀ típà kan, ló kọ́lé síbẹ̀ ní ọdún méjìlá sẹ́yìn. Òjò mẹ́ta ni ilé náà fara dà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rì, Muqtadir wó ògiri, ó kó búlọ́ọ̀kù àti páànù rẹ̀ lọ, ó fi ilẹ̀ ilé sílẹ̀ fún ẹrẹ̀. Àwọn tó ni ilẹ̀ dúró kó rì dáadáa, wọ́n da yanrìn lé e, wọ́n sì tún un tà. Uthman fi ọwọ́ wọn ọ̀nà tí táìsì náà gbà, ó dúró gẹ́ẹ́ níbi tí ògiri ti là. Pálọ̀ Olúṣẹ̀yẹ jókòó lórí pálọ̀ Muqtadir, àwọn yàrá rẹ̀ sì jókòó lórí ẹrẹ̀ lásán. Pálọ̀ kọ̀, àwọn yàrá ń fà á lọ sísàlẹ̀, ilé sì ya sí méjì bí ṣòkòtò tó há.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?" Ohùn Olúṣẹ̀yẹ ti dín kù.

"Omi ni mo mọ̀, mo sì sọ tomi fún ọ. Ti àpáta, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Muqtadir náà, àpáta ló pè é."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín, wọ́n gbọ́ ọ ní Mowé. Kí oòrùn tó wọ̀, fídíò ọkùnrin tó ń ya irun kó tó gbé Ìfọ̀ wá sí Ìbàfò ti wà lórí gbogbo fóònù àdúgbò. Lọ́jọ́ Ajé, ó dé Ìkẹjà ṣáájú Olúṣẹ̀yẹ. Oníbàárà kan ní kí òun tó ra ẹ̀rọ amúlétutù, ṣé orí àpáta ni wọ́n máa gbé e kọ́?

Alága ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù wá wo ògiri lẹ́ẹ̀kan, kò wọlé. Ó ní kí wọ́n kó jáde kí ilé tó kó wọn. Yàrá Agége ti ní olówó. Ilé Olúsànyà ní Ìfọ̀, ọmọ méje ló wà nínú yàrá méjì, ìyá ìyàwó rẹ̀ sì tún dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lọ́jọ́ náà, Ayọ̀níkẹ́ ti di gbogbo ẹrù, ó tò ó sí etí ọ̀nà, ó jókòó lórí àpótí pẹ̀lú Delight, ó ń wo ọkọ rẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ wà lẹ́bàá ihò, ó ti ká apá ẹ̀wù sókè, ó ń kọ́ Uthman bí wọ́n ṣe ń fi jáàkì ọkọ̀ gbé ilé sókè. Òjò ti ṣú lápá Káḿpù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìbàfò, níbo ni kí obìnrin yìí gbé ẹrù rẹ̀ sí?