Abẹ́rẹ́ Mímọ́ Di Èèwọ̀ ní Òkè-Ìrókò

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o, ará Òkè-Ìrókò! Ẹni tó ń jẹun, kó dá òkèlè dúró. Ẹni tó ń jà, kó sọ ẹ̀ṣẹ́ kalẹ̀ ná. Ìgbìmọ̀ ìlú ló rán mi.

Gbogbo yín lẹ mọ yàrá tí Nọ́ọ̀sì Ọláìtán ṣí lẹ́yìn ọjà lọ́dún tó kọjá. Àwọn ọmọ wa tí oògùn olóró ti dì mú ń lọ gún abẹ́rẹ́ wọn níbẹ̀, lójú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tuntun ló ń fún wọn. Bí oògùn bá fẹ́ gbé ẹnikẹ́ni lọ, ó ní oògùn mìíràn lọ́wọ́ tó ń dá èémí padà. Kó tó ṣí i, òkú mẹ́sàn-án la sin lọ́dún kan. Látìgbà náà, a ò sin ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ yìí dun ìgbìmọ̀ púpọ̀. Olóyè Ọ̀dọ̀fin ní àlejò ń rí yàrá náà, wọ́n sì ń mọ ohun tó ń ṣe wá. Ó ní nígbà tí àwọn ọmọ náà ń kú sínú kòtò, ojú kì í tì wá tó báyìí.

Àṣẹ rèé.

Ìkíní: láti òní, kò sí ẹni tó ń lo oògùn olóró nílùú yìí mọ́. Kò sí! Ẹni tó bá ń lò ó, kó yáa má sí.

Ìkejì: abẹ́rẹ́ mímọ́ di èèwọ̀. Èyí tó ti dípẹtà nínú gọ́tà lẹ́yìn ilé ìwé, ìgbìmọ̀ kò rí i.

Ìkẹta: ẹni tí èémí rẹ̀ bá dúró kò gbọdọ̀ mí padà láìgba ìwé àṣẹ. Ọjọ́rú nìkan ni akọ̀wé ń fọwọ́ sí i.

Ẹni tó bá rú òfin yìí yóò jókòó ti ìpàdé ìgbìmọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Lánàá, wọ́n pe Nọ́ọ̀sì Ọláìtán pé kó wá rojọ́. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n ka orúkọ àwọn tó mí padà." Mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Nígbà tó ka ìkẹtàdínlógún, Ọ̀dọ̀fin ní kó dákẹ́. Àkọ́bí Ọ̀dọ̀fin fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n tú ìpàdé ká, wọ́n ní kí n lọ kéde.

Mo mọ orúkọ tó kàn, tí kò rí kà. Moróunkẹ́jì ni, ọmọ mi obìnrin, aránṣọ. Òun ló rán bùbá tó wà lọ́rùn mi yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ti ẹrú lẹ ti gbọ́. Tọmọ rèé: wọ́n ti ti yàrá ẹ̀yìn ọjà pa. Nọ́ọ̀sì ti kó ẹrù rẹ̀ wá sílé mi, yàrá tó kọjú sí kànga. A ò ní tilẹ̀kùn.

Mo ti jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tíì wálé.