Ẹni Tó Kí Bàbá Ògúnṣàkin Káàbọ̀

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ káàbọ̀. Ẹ wọlé, ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń sá fún òjò. Ẹ jókòó sórí ẹní yẹn. Ẹ̀pà wà nínú àwo níwájú yín, ẹ máa jẹ ẹ́, ẹ má tijú rárá.

Ó dáa. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Kì í ṣe gbogbo ẹni tó kí ni káàbọ̀ ló ni ilé"?

Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan ń mi orí lọ́hùn-ún bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀pà ló ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ fetí sílẹ̀. Fóònù wà nínú ìtàn yìí o, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé àwọn àgbà wo ló ní fóònù nígbà ìwáṣẹ̀. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ṣé ọmọdé ni mí ni?

Bàbá kan wà ní Ìdí-Orogbó tó ń jẹ́ Ògúnṣàkin. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kan gbogbo ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ènìyàn dáadáa ni, àmọ́ àìsàn kan ń bá a jà, àìsàn ìkíni. Bí o bá mọ̀ ọ́n kí, o ti di ẹni rere lójú rẹ̀ títí ayé. Bí o kò bá kí i, kò sí ohun tó o lè ṣe mọ́. Bàbá yìí ti jáde ní ilé ìwòsàn rí, tòun ti ibà lára, torí pé nọ́ọ̀sì sọ pé "Ẹ lanu" kó tó sọ pé "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Ó ti kọ̀ láti kan pósí fún ẹbí kan rí, torí pé ẹkún ni wọ́n sun wọlé, wọn ò kọ́kọ́ ní "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

Ayálégbé kan ṣoṣo ni bàbá ní, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gbé yàrá ẹnu ọ̀nà. Káṣìmáawò lorúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Tó bá jẹ́ pé bàbá ti fara balẹ̀ ro orúkọ yẹn wò ni, ẹ ò bá má jókòó níbí lónìí. Kọ̀ǹpútà ni ọmọ náà máa ń tẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó fi ń ṣe. Bàbá ò bi í, torí pé ọmọ náà mọ ènìyàn kí. Kí bàbá ṣáà ti yọjú báyìí, Káṣìmáawò á ti nà gbalaja:

"Ẹ káàbọ̀ o, òpó tó gbé ilé ró! Ikán ò ní í jẹ pákó ayé yín!"

Bàbá lè má lọ ju ilé ìyàgbẹ́ lọ o. Bó bá ti dé, wọ́n á kí i káàbọ̀. Inú rẹ̀ á dùn, á yíjú sí ìyàwó rẹ̀, á ní, "Ìyá Ìbídùn, irú ọmọ tí ènìyàn ń gbàdúrà fún nìyí."

Ìbídùn tí ẹ gbọ́ yẹn ni àbígbẹ̀yìn wọn. Ọdún mélòó kan ló fi ń ṣe ìdánwò kó lè wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ìgbà tó yá, wọ́n gbà á. Ayọ̀ tó wọ ilé yẹn kò kéré. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ní kó mú ìwé ẹ̀rí wá pé ọmọ ìlú ni, kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá rí i mú wá, wọ́n á fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Bàbá ọmọ ló sì gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ béèrè fún ìwé náà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Ìbídùn pe bàbá lórí fóònù. "Bàbá mi, ọ̀fẹ́ ni o. Ẹ wọ ìkànnì ìjọba ìbílẹ̀, ẹ kọ orúkọ síbẹ̀, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àyè yìí bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Kò ní í bọ́," ni bàbá wí. "Ṣé èmi ò ní fóònù ni?"

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá gbé awò sójú, ó wọ ìkànnì ìjọba. Ojú ìwé náà gbẹ. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju: Orúkọ. Àdúgbò. Orúkọ ọmọ. Bàbá ń dúró. Ó gbé fóònù sétí, bóyá ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Èyí ò mà kí ènìyàn!" ni bàbá pariwo. "Ó kàn ń bi mí léèrè bí ọlọ́pàá! Èmi tí mo fi ọ̀wọ̀ wọlé!" Ló bá jáde kúrò níbẹ̀.

Ó tún wá a. Òmíràn yọ, tí wọ́n fi àwọ̀ ewé àti funfun kùn, tí wọ́n ya ilẹ̀kùn ńlá sí, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ ilẹ̀kùn náà pé: "Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà ọmọ. Ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú lẹ bá wá? Ẹ ti débẹ̀! Ikán ò ní í jẹ pákó ayé yín."

Omi lé ròrò sójú bàbá. "Ìyá Ìbídùn! Wá wo nǹkan! Ìjọba mọ̀ pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí!"

Ìyá Ìbídùn nu ọwọ́ rẹ̀, ó wò ó. "Ta ló ni ín?"

"Ìjọba ni."

"Ìjọba wo ló kí yín rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín?"

"Wọ́n ti yí padà."

"Bàbá Ìbídùn, ẹ fà á wálẹ̀, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Iṣu lásán, mo máa ń yí i wò kí n tó rà á."

Bàbá bínú. "Wọ́n kí mi káàbọ̀ tán, kí n wá máa yẹ abẹ́ aṣọ wọn wò? Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé nìyẹn?"

Bó ṣe san owó iṣẹ́ tí wọ́n béèrè nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìkànnì ní, "Ẹ kú ojúmọ́, òpó tó gbé ilé ró. Ó ku owó òǹtẹ̀." Bàbá san án. Lọ́sàn-án, ó ní, "Ẹ kú oòrùn o. Ó ku owó ìkánjú." Bàbá san án, ó tún fi díẹ̀ lé e pé kí wọ́n fi jẹ ẹran. Ìyá Ìbídùn la ẹnu, bàbá ní kó pa á dé, pé ẹni tó ń fi ọ̀wọ̀ béèrè kì í ṣe olè. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Káṣìmáawò kan ilẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀, ó san owó ilé tí oṣù ò tíì parí. Bàbá ń ṣe fáàrí rẹ̀ káàkiri àdúgbò.

Ní Ọjọ́rú, ìwé ò dé. "Ẹ kú sùúrù," ni ìkànnì wí. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ní, "Ẹ kú ìfaradà." Ibi tí bàbá ti ń ka ìfaradà ni Ìbídùn ti pè, ó ń sunkún. "Bàbá mi, ọ̀la mà ni o. Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ ti ń béèrè orúkọ ẹni tó tẹ̀lé mi." Bàbá gbé fóònù sílẹ̀. Ó wọ aṣọ, ó dorí kọ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé ó ti bínú sí ẹni tó ń kí i? Kò bínú o! Ó gbé àpótí ìjókòó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ dání, ó ní ẹni tó mọ ènìyàn kí bẹ́ẹ̀ yẹ lẹ́ni tó ń jókòó sórí nǹkan tó dáa.

Èrò tò lọ rẹrẹẹrẹ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn mú fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń kùn. Obìnrin kan jókòó lójú fèrèsé, kò gbé orí sókè.

"Orúkọ?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni bàbá wí.

"Orúkọ?"

"Ògúnṣàkin. Nílé tiwa, ènìyàn máa ń kọ́kọ́—"

"Àdúgbò?"

"Ìdí-Orogbó! Ṣé ẹ ò ní bàbá nílé ni?"

"Orúkọ ọmọ?"

"Ìbídùn! Ẹ gbọ́, ẹ̀yin kọ́ ni mo wá bá. Ẹni tó ń kí ènìyàn lórí fóònù ni mò ń wá. Àpótí rẹ̀ rèé."

Ìgbà yẹn ni obìnrin náà gbé orí sókè. "Kò sẹ́ni tó ń kí ènìyàn níbí," ló wí, gbogbo èrò sì jẹ́rìí sí i.

Ó gba fóònù lọ́wọ́ bàbá, ó fa ojú ìwé náà wálẹ̀, ó ń fà á, ó ń fà á, títí ó fi kan ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀, ó kéré bí ẹyin èèrà. Ó kà á sókè: "'A kì í ṣe ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni ìwé yìí lọ́dọ̀ ìjọba. Owó tí a gbà, owó pé a bá yín kọ ọ́ ni. Àdírẹ́sì wa: Ilé Ògúnṣàkin, Ìdí-Orogbó.'"

"Háà!" ni bàbá wí. "Ilé mi mà nìyẹn!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ wà tí ènìyàn kì í sọ láàárín èrò. Ìdajì àwọn tó tò síbẹ̀ ló ti sanwó fún ilẹ̀kùn gbayawu yẹn. Ọkùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà wo àpótí, ó wo ìyẹ̀fun pákó lára fìlà bàbá.

"Ẹ tiẹ̀ rò ó wò," ló wí. "Ta ló máa ń fi pákó àti ikán ṣàdúrà bí kò ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà?"

"Òun ni!" ni gbogbo wọn figbe ta. "Òun ló ń kí wa!"

Bàbá fẹ́ ṣàlàyé, wọn ò fún un láyè. Ó gbé àpótí lérí, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Èrò gbá tẹ̀lé e. Àwọn tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà ń kí i pé, "Ẹ kú eré o, bàbá!" Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo rèé láyé rẹ̀ tí wọ́n kí i tí kò dáhùn.

Bó ṣe sá dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, Káṣìmáawò wà níbẹ̀ tó ń jẹ àgbàdo. Ọmọ náà rí bàbá, ó rí èrò lẹ́yìn bàbá. Ẹlòmíràn ì bá sá. Àmọ́ àṣà ti di bárakú sí i lára. Ó ju àgbàdo nù, ó nà gbalaja:

"Ẹ káàbọ̀ o, òpó tó gbé ilé ró! Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ káàbọ̀ o! Ikán ò ní í jẹ pákó ayé yín!"

Èrò dúró gbagidi. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìwọ lo ni ilé yìí?"

"Rárá o, mà. Ayálégbé ni mí. Bàbá ló ni ín."

Bàbá sọ àpótí kalẹ̀, ó jókòó lé e, ó ń mí hẹlẹ. "Káṣìmáawò. Ìwọ lo ni ìkànnì yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kì í ṣe ìjọba."

"Owó ilé tó o san fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́? Owó mi ni?"

Káṣìmáawò ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìnáwó, sà."

Ẹ̀rín pa èrò débi pé ìbínú wọn tú ká. Ìyá Ìbídùn ti jáde tòun ti ṣíbí ọbẹ̀. "Mo sọ fún yín pé kí ẹ wo ìsàlẹ̀! Ìwé ọmọ mi dà?"

"Mo fẹ́ bá yín kọ ọ́ lórí ti ìjọba, mà," ni Káṣìmáawò wí, "àmọ́ wọ́n mú iná lọ láti ìjẹta."

Bàbá fò sókè. Ẹ̀rín tán lójú gbogbo ènìyàn, torí wọ́n rí i pé bàbá ń sunkún. Ọlọ́kadà tó kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn án ló sáré gbé ọ̀kadà rẹ̀ wá, ó ní, "Bàbá, ẹ gùn ún," ó sì gbé e padà sí ọ́fíìsì.

Obìnrin ojú fèrèsé ti ń palẹ̀ mọ́. Ó ti ìwé kan sí bàbá níwájú. Orúkọ Ìbídùn wà lórí rẹ̀, òǹtẹ̀ wà nídìí rẹ̀. Gbogbo ohun tí bàbá ń fi ìbínú dá a lóhùn ló ti kọ sílẹ̀, ó sì ti parí ìwé náà nígbà tí àwọn tó kù ń sáré kiri ìlú.

"Èló ni?" ni bàbá béèrè.

"Ọ̀fẹ́."

Bàbá dúró díẹ̀ sí i, bóyá yóò kí òun pé ó dàbọ̀.

"Ẹni tó kàn!" ni obìnrin náà wí. Kò sì sí ẹnì kankan lẹ́yìn bàbá.

Bàbá Ògúnṣàkin tí kì í ka ẹni tí kò kí i kún ènìyàn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin náà lórí símẹ́ǹtì. Ìbídùn mú ìwé náà dé ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì wọ aṣọ nọ́ọ̀sì.

Káṣìmáawò ta kọ̀ǹpútà, ó dá owó olówó padà, owó ilé tó sì ti san di gbèsè sí i lọ́rùn. Ó jẹ̀bi, ta ló ní kò jẹ̀bi? Àmọ́ bàbá náà ní ojú, ó tún ní awò lórí ojú. Bàbá ò lé e. Ó kàn pàṣẹ fún un pé láti ọjọ́ yẹn lọ, bó bá ti kí ènìyàn, kó fi ohùn òkè kún un, kì í ṣe nísàlẹ̀: "Ẹ káàbọ̀ o! Èmi kọ́ ni mo ni ilé o!" Bó ṣe ń kí títí dòní nìyẹn.

Nítorí náà, bí fóònù bá kí yín, ẹ dáhùn, ọmọlúàbí ni yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tọwọ́ bàpò, ẹ fà á wálẹ̀ kí ẹ wo ìsàlẹ̀.

Ẹ dákẹ́ ná. Ṣé ẹ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yẹn? Onílé ló ń bọ̀ yẹn o. Ẹ rọra dìde lórí ẹní rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ ẹ̀pà rẹ̀ tán, ẹ máa wá ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún un, torí èmi ò sí níbẹ̀. Kí lẹ ń wò mí fún? Nígbà tí mo ní kí ẹ wọlé, ta ló bi mí nínú yín? Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ tán: kì í ṣe gbogbo ẹni tó kí ni káàbọ̀ ló ni ilé.