Òkè Abà Jẹ́nríyìn

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan wà ní Agbowó, lọ́kàánkán ẹnu ọ̀nà Yunifásítì, tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Tìmílẹ́hìn ló ni ín. Ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé, ó sì ń bá àwọn tí kò kàwé gbọ́n. Lónìí, Àlájà Nàfísátù, àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ láti Abà Jẹ́nríyìn lẹ́yìn Apẹ́tẹ̀, ló jókòó tì í. Ìjọba fẹ́ dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀, abà tó bá sì di olú ìlú rẹ̀ ni yóò ní títì àti ilé ìwòsàn. Abà Jẹ́nríyìn rán Àlájà wá kọ lẹ́tà tiwọn. Aago mẹ́rin òní ni wọn ò ní í gba ìwé mọ́.

TÌMÍLẸ́HÌN: Àlájà, ó ti parí. Ojú ewé méje gbáko. Ẹ kàn fi àtàǹpàkò yín tẹ ibí yìí.

ÀLÁJÀ: Kà á sí mi létí ná.

TÌMÍLẸ́HÌN: Gẹ̀ẹ́sì ni, mà. Gẹ̀ẹ́sì tó le.

ÀLÁJÀ: Kà á ní Yorùbá. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, Bàálẹ̀ wa tẹ̀ka sí ìwé kan láìgbọ́. Wọ́n ní ìwé ìkíni ọdún ni. Ìwé ìkíni náà ló kó ilẹ̀ etí odò wa lọ.

TÌMÍLẸ́HÌN: Aago méjì ààbọ̀ ti lù o, Àlájà.

ÀLÁJÀ: Tètè bẹ̀rẹ̀ nígbà náà.

(Tìmílẹ́hìn wúkọ́. Ó wojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń wojú àna tó jẹ ní gbèsè.)

TÌMÍLẸ́HÌN: "Sí ẹni ọ̀wọ̀ jù lọ. Àwa ará Abà Jẹ́nríyìn, tí abà wa wà lórí òkè tó ga ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mítà lọ..."

ÀLÁJÀ: Dúró. Òkè wo?

TÌMÍLẸ́HÌN: Àlájà, nínú ìwé, gbogbo ìlú ló gbọ́dọ̀ ní gíga tiẹ̀. Jọ́gíráfì ni mo kà ní Yunifásítì iwájú yìí. Ọdún mẹ́rin ni iṣẹ́ náà, mo fi ọdún mẹ́fà ṣe é nítorí ìyanṣẹ́lódì.

ÀLÁJÀ: Ó ga tó Òkè Màpó?

TÌMÍLẸ́HÌN: Ẹ to Màpó mẹ́wàá léra wọn.

ÀLÁJÀ: Inú kòtò ni abà wa wà, ọmọ mi. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ á ti wọ yàrá kí onílé tó dé.

TÌMÍLẸ́HÌN: A kì í kọ kòtò sínú lẹ́tà sí ìjọba. Ẹ jẹ́ n máa bá a lọ. "Òtútù ibẹ̀ mú gan-an. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, yìnyín a bo ilẹ̀, tọkùnrin tobìnrin a sì dé fìlà onírun tó bo etí."

ÀLÁJÀ: Èmi náà?

TÌMÍLẸ́HÌN: Gbogbo yín, mà.

ÀLÁJÀ: Èmi tí mo ń wá ibòji kiri bí ewúrẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, o wá dé mi ní fìlà onírun. Kí la ń gbìn?

TÌMÍLẸ́HÌN: "Pòtétò ni wọ́n ń gbìn jù, àti ẹ̀wà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ."

ÀLÁJÀ: Ẹ̀gẹ́ dà?

TÌMÍLẸ́HÌN: Ẹ̀gẹ́ wà nínú "àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ".

ÀLÁJÀ: Ẹ̀gẹ́ tó tọ́ mi dàgbà, tó rán ọmọ mi márùn-ún níléèwé, òun lo fi ṣe "àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ". Ẹran ọ̀sìn ńkọ́?

(Ohùn Tìmílẹ́hìn ti ń lọ sílẹ̀.)

TÌMÍLẸ́HÌN: "Wọ́n ń sin ẹran kan tó ń jẹ́ láámà. Ọrùn rẹ̀ gùn bíi ti ràkúnmí, irun rẹ̀ dà bíi ti àgùntàn, bí inú bá sì bí i, a máa tutọ́ síni lójú."

ÀLÁJÀ: Ní abà wa, Bàálẹ̀ nìkan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kù?

TÌMÍLẸ́HÌN: Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mà.

ÀLÁJÀ: Ka ìyókù.

TÌMÍLẸ́HÌN: "Lọ́dọọdún, ní oṣù keje, gbogbo ará ibẹ̀ a gbé ère ẹni mímọ́ Santa Rufina lé èjìká, wọn a gbé e yí ìlú ká."

(Àlájà tú gèlè, ó tún un wé.)

ÀLÁJÀ: Mọ́sáláṣí méjì ló wà ní abà wa. Lèmọ́mù wa ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Èjìká ọ̀tún ni tàbí tòsì lo fẹ́ kó fi gbé e?

TÌMÍLẸ́HÌN: Ẹ jẹ́ ká fo ibẹ̀, mà. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe pín in, ibẹ̀ ló dùn. "Dísítíríkì náà ní abúlé mẹ́rìnlá. Pampa Larga, ènìyàn igba ó lé méjìlá. Dos Piedras, ènìyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta. Quebrada Honda, ènìyàn méjìdínlógójì. Alto Viejo, kò sí ẹnì kankan."

ÀLÁJÀ: Abúlé tí kò sí ẹnì kankan, kí ló ń wá nínú ìwé?

TÌMÍLẸ́HÌN: Gbogbo wọn ti kó lọ sí ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n àwọn akọ̀wé ìjọba ṣì gun òkè lọ ibẹ̀. Wọ́n wò yí ká, wọ́n kọ ọ́ pé kò sí ẹnì kankan.

ÀLÁJÀ: Wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ?

TÌMÍLẸ́HÌN: Wọ́n lọ, mà.

ÀLÁJÀ: Àwa jẹ́ igba ó lé mẹ́ta. Ẹni tó wá kà wá jókòó sí Apẹ́tẹ̀, ó ní kí ọlọ́kadà bá òun kà wá bọ̀. Ọgọ́rin ló kọ sílẹ̀. Ìgbà tí ìdìbò dé ni a di ẹgbẹ̀ta.

(Tìmílẹ́hìn fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú Àlájà, ó gbé ẹ̀rín náà mì.)

ÀLÁJÀ: Àwọn méjìdínlógójì yẹn, níbo ni wọ́n ti ń bímọ?

TÌMÍLẸ́HÌN: Wọ́n kọ ọ́ síbí. "Quebrada Honda: ilé ìwòsàn kékeré kan, nọ́ọ̀sì kan, omi ẹ̀rọ."

ÀLÁJÀ: Èèyàn méjìdínlógójì.

TÌMÍLẸ́HÌN: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

ÀLÁJÀ: Tìmílẹ́hìn, abà ta lo ń kà sí mi létí láti ẹ̀ẹ̀kan?

(Tìmílẹ́hìn kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, ó dọ̀bálẹ̀ débi tí ṣọ́ọ̀bù náà gbà á dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta.)

TÌMÍLẸ́HÌN: Ẹ má bínú, Àlájà. Perú ni, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Dísítíríkì Santa Rufina. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní Yunifásítì ni. Mo yọ Santa Rufina, mo fi Jẹ́nríyìn sí i, ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ni mo sì rántí ṣe.

ÀLÁJÀ: O ti dé ibẹ̀ rí?

TÌMÍLẸ́HÌN: Rárá o. Inú íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti kó o.

ÀLÁJÀ: Wọ́n sì fún ọ ní ìwé ẹ̀rí?

TÌMÍLẸ́HÌN: Kíláàsì kejì, apá ìsàlẹ̀.

ÀLÁJÀ: Ìsàlẹ̀ náà ló yẹ ọ́, ìwọ tí o ò gun òkè. Dìde. Bí Áfáà wa bá pe Àbíọ́nà ní ilé kéwú, ọmọ mẹ́rin ló ń dáhùn. Orí ọ̀kadà ni wọ́n bí mẹ́ta sí, wọ́n bí ìkẹrin sí ìdí ẹ̀gẹ́ ẹni ẹlẹ́ni. Hamidah ọmọ mi lóyún oṣù mẹ́jọ báyìí. Ẹ̀rù ń bà mí, Tìmílẹ́hìn. Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ nìyẹn, kì í ṣe oyè olú ìlú.

(Tìmílẹ́hìn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà.)

TÌMÍLẸ́HÌN: N ó tún un tẹ̀, mà. Òtítọ́ pọ́ńbélé. Ẹ máa sọ.

ÀLÁJÀ: A jẹ́ igba ó lé mẹ́ta. Inú kòtò la wà. Kò sí títì, kò sí ilé ìwòsàn. Àwọn aboyún wa ń jìyà.

(Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dáwọ́ dúró.)

ÀLÁJÀ: Kí ló dé?

TÌMÍLẸ́HÌN: Ìlà mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n á ní abà yín kéré jù.

(Àlájà wo ìlà mẹ́rin náà, ó wo ojú ewé méje.)

ÀLÁJÀ: Àwọn tó ń gba ìwé yìí, ṣé wọ́n máa ń wá wo ibi tí wọ́n kà nípa rẹ̀?

TÌMÍLẸ́HÌN: Bí ibẹ̀ bá wù wọ́n ni. Igba èèyàn nínú kòtò, wọn ò ní í wá.

ÀLÁJÀ: Òkè tó ní yìnyín àti ẹran tó ń tutọ́ ńkọ́?

TÌMÍLẸ́HÌN: Hà, ìyẹn, ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ á gbé ìyàwó dání.

ÀLÁJÀ: Gbé yíǹkì wá.

TÌMÍLẸ́HÌN: Èwo lẹ fẹ́ tẹ̀ka sí?

ÀLÁJÀ: Ti Perú.

TÌMÍLẸ́HÌN: Irọ́ ni o, Àlájà.

ÀLÁJÀ: Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń bọ̀ wá bá mi jà nítorí òkè, ọ̀nà wa ni wọ́n máa gbà. Ìgbà tí mọ́tò wọn bá rì sínú ẹrẹ̀ wa, wọ́n ti ka ìlà mẹ́rin mi nìyẹn. Kí wọ́n wá bú mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mo ń wá ìjọba tó máa bú mi lójúkojú.

(Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ ìwé, ó sì tún un tẹ̀ kó lè hàn dáadáa.)

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Àlájà padà wá sí Agbowó pẹ̀lú àpò ìwé kan tó ní òǹtẹ̀ ìjọba. Kò jókòó.

ÀLÁJÀ: Kà á. Má fo nǹkan kan.

TÌMÍLẸ́HÌN: "Sí àwọn ará Abà Jẹ́nríyìn. Ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò wa ti dé abà yín. Wọ́n gun òkè náà dé góńgó. Wọ́n rí yìnyín. Wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàálẹ̀ fún láámà méjì tó fi ta wọ́n lọ́rẹ."

ÀLÁJÀ: Bàálẹ̀ wa?

TÌMÍLẸ́HÌN: Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, mà. "Olú ìlú ti bọ́ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n inú wa dùn láti sọ fún yín pé a ti kọ́ ilé ìwòsàn yín parí, a sì ti ṣí i, lórí òkè náà."

(Ó ká ìwé náà.)

TÌMÍLẸ́HÌN: Hamidah ńkọ́, Àlájà?

ÀLÁJÀ: Ó bí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Tìyá tọmọ wà láàyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Obìnrin ni.

TÌMÍLẸ́HÌN: Ọlọ́run á wò ó. Kí lẹ sọ ọ́?

ÀLÁJÀ: Kí lo rò pé a máa sọ ọ́?

(Tìmílẹ́hìn tẹ orí ba. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.)

TÌMÍLẸ́HÌN: N ó kọ ọ́ sí wọn báyìí pé irọ́ ni wọ́n ń pa.

ÀLÁJÀ: Rárá. Kọ ọ́ pé a dúpẹ́. Kí o wá bá wa bẹ ẹni tó gun òkè náà, kó wá júwe ọ̀nà rẹ̀ fún wa. Kó tètè máa bọ̀: Àbíọ́nà márùn-ún ló ti ṣáájú wa sójú ọ̀nà ibẹ̀.